Jíìnì àti ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ará Táílándì: kí ló dé tí èsì ìwádìí fi ń ta kora?

Adéwùmí_Bio

Ẹ̀yin àgbà orí pẹpẹ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkójọ ìwádìí ni mo ń kọ lórí ipa tí jíìnì ń kó nínú ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ará Táílándì, ọ̀rọ̀ náà sì ti ta kókó mọ́ mi lọ́wọ́.

Ibi tí nǹkan ti yé mi nìyí: àyẹ̀wò ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní 2019 sí 2020 fi hàn pé 25.4% àwọn àgbà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 14 ènìyàn, bí ìdajì wọn ni kò sì mọ̀ pé àwọn ní in. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dé orí jíìnì, ìwé kan á ní ẹ̀yà DD ti jíìnì ACE, tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù kan tó ń kópa nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ló ń fà á, òmíràn á ní kò kàn án rárá. Bákan náà ni M235T lórí jíìnì AGT, tó ń ṣe angiotensinogen, purotéènì mìíràn tó ń kópa nínú ìfúnpá (ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n ń dá lẹ́bi ni T235).

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa ìtakora yìí? Jíìnì wo ni mo lè kọ sílẹ̀ láìbẹ̀rù? Ṣé aláìsàn kan tilẹ̀ wà tó yẹ kí dókítà ní Bangkok tàbí Khon Kaen ní kó lọ yẹ jíìnì wò nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru?

BàbáPCR

Adéwùmí, ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Kí o tó máa wá ìdí ìtakora lọ sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Táílándì, kọ́kọ́ wò ó bóyá orí jẹ́ẹ̀lì tí à ń fi wo DNA nínú lábù ló ti bẹ̀rẹ̀.

Jíìnì ACE wà lórí kurómósómù 17. Nínú intron 16 rẹ̀ (apá jíìnì tí kì í di purotéènì) ni ègé DNA kan tí wọ́n ń pè ní Alu wà, tó gùn ní 287 bp (bp ni lẹ́tà DNA kan). Okùn tó bá ní ègé yẹn ni à ń pè ní I, èyí tí kò ní in ni D. Ẹni tó bá jẹ́ DD ni ẹ́ńsáìmù ACE máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ti II ló kéré jù, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí ló sì ń ṣàlàyé bí ìdajì ohun tó mú kí ìwọ̀n ACE ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù ni mo wí o, n kò tíì sọ ìfúnpá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń fo odò tí kò ní afárá.

Bí wọ́n ṣe ń fi PCR, ọ̀nà tí à ń gbà sọ ègé DNA di púpọ̀ nínú túùbù, yẹ̀ ẹ́ wò: praímà (ègé DNA kúkúrú tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà) iwájú CTGGAGACCACTCCCATCCTTTCT, praímà ẹ̀yìn GATGTGGCCATCACATTCGTCAGAT, ìgbóná ìsopọ̀ 58°C, ìyípo 30, kí o wá sá a lórí jẹ́ẹ̀lì agarose 2%. I á jókòó sí 490 bp, D á jókòó sí 190 bp, ID á mú ìlà méjèèjì wá. Nígbà mìíràn ìlà kẹta fẹ́ẹ́rẹ́ á yọ lókè 490. Má pè é ní ìdọ̀tí: okùn I kan àti okùn D kan ló so mọ́ra, ẹni náà ID ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé PCR máa ń yára lórí okùn tó kúrú. Bí ẹnìkan bá jẹ́ ID, ègé 190 á bí títí á fi gba gbogbo oúnjẹ inú túùbù, ìlà 490 á ṣá, tàbí kó má hàn rárá, ìwọ á sì kọ DD sílẹ̀. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíi 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún ID. Bí DNA bá ti pẹ́ tó sì ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí okùn gígùn ló kọ́kọ́ ń já.

Ojútùú rẹ̀: gbogbo ẹni tó bá jáde ní DD, tún un ṣe pẹ̀lú praímà tó ń wá ègé I nìkan, TGGGACCACAGCGCCCGCCACTAC àti TCGCCAGCCCTCCCATGCCCATAA, ní 67°C. Bí ìlà 335 bp bá yọ, ID ni, kì í ṣe DD. DMSO 5% nínú PCR àkọ́kọ́ náà ń ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò rọ́pò àtúnṣe yẹn. Ìwé tí kò bá sọ pé òun tún DD yẹ̀ wò, fi àmì sí i lára.

Má sì rò pé ìdánwò Hardy-Weinberg, tó ń wò ó bóyá iye II, ID àti DD bára wọn mu, á gbà ọ́. Jẹ́ ká fi nọ́ńbà àfinúrò ṣe é. 200 ènìyàn tí ìfúnpá wọn dára: II 84, ID 92, DD 24. D jẹ́ 35%, èyí tó sún mọ́ ohun tí à ń rí ní ìlà-oòrùn Éṣíà. Ká wá ní 200 aláìsàn tí jíìnì wọn rí bákan náà gẹ́lẹ́, àmọ́ tí DNA wọn ti bàjẹ́ díẹ̀, tí a sì ka ID 8 sí DD. Tiwọn á di II 84, ID 84, DD 32. Chi-square Hardy-Weinberg á jẹ́ 1.96, kò dé ààlà 3.84, ìdánwò á ní kò séwu. Nígbà tí o bá wá fi DD wé àwọn yòókù, 32 sí 168 ní ìhà kan, 24 sí 176 ní ìhà kejì, odds ratio (ìfiwéra odds àìsàn láàrin DD àti àwọn yòókù) á jẹ́ 1.4. Láti inú ìlà tí kò hàn ni o ti bí jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ṣèyí_Ìṣirò

Ẹ kú làákàyè, Bàbá. Àlàfo ìdánilójú 95% fún 1.4 yẹn jẹ́ 0.79 sí 2.47, 1 tó túmọ̀ sí àìsí ìyàtọ̀ sì wà láàrin wọn, nítorí náà ìwé kan ṣoṣo á kọ ọ́ pé kò sí ìbáṣepọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ID ló máa ń di DD, DD kì í di ID. Bó bá jẹ́ pé DNA àwọn aláìsàn ló máa ń burú jù nínú ìwé mẹ́wàá, tí ẹnìkan sì da mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, àṣìṣe náà á di òtítọ́ lójú ìṣirò.

Ìdí kejì tí èsì fi ń ta kora ni iye ènìyàn. Ẹ̀yà jíìnì kọ̀ọ̀kan tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kì í sábà gbé ìfúnpá òkè ju 0.5 sí 1 mmHg lọ. Ká mú 0.8 mmHg, ká ní ẹ̀yà náà wà ní 30%, kí variance ìfúnpá òkè jẹ́ 300, ìyẹn SD tó ju 17 díẹ̀. Ohun tí jíìnì yẹn ń ṣàlàyé jẹ́ 2 × 0.3 × 0.7 × 0.64 ÷ 300, tó jẹ́ bíi 0.0009. Kí o tó ní agbára 80% láti rí i ní p 0.05, pín 7.85 sí 0.0009: o nílò bíi 8,700 ènìyàn. Ní òṣùwọ̀n GWAS, níbi tí a ti ń yẹ gbogbo jíìnì wò pọ̀ tí p sì gbọ́dọ̀ wá sí 5 × 10⁻⁸, pín 39.6 sí 0.0009: bíi 44,000. Wá wo àwọn ìwé orí tábìlì rẹ. Èyí tó ní 300 ènìyàn tó rí nǹkan, àti èyí tó ní 300 tí kò rí nǹkan, oríire ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

A1166C lórí jíìnì AGTR1, òmíràn tí àwọn ìwé máa ń yẹ̀ wò, tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yà C tó bíi 28% ní Yúróòpù, àmọ́ ní ìlà-oòrùn Éṣíà kò ju bíi 5 sí 6% lọ. Nínú 200 ènìyàn, iye CC tí o máa retí jẹ́ 0.05 × 0.05 × 200, ìdajì ènìyàn kan. Ta lo fẹ́ fi wé ta?

Ìdí kẹta: àwọn ará Táílándì kì í ṣe ìran kan. Àwọn tó ń sọ èdè Tai pọ̀, Mon àti Khmer wà láàrin wọn, Karen, Lahu, Akha àti Hmong wà lórí òkè ní àríwá, àwọn Malay wà ní Yala, Pattani àti Narathiwat, àwọn ọmọ ìran Ṣáínà sì kún Bangkok. Ìwọ̀n ẹ̀yà jíìnì yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, oúnjẹ náà yàtọ̀. Bí aláìsàn rẹ bá ti Songkhla wá, tí àwọn tí o fi wé wọn sì ti Khon Kaen wá, jíìnì èyíkéyìí tó bá yàtọ̀ láàrin gúúsù àti Isan (àríwá-ìlà-oòrùn, níbi tí Khon Kaen wà) á gbé aṣọ ẹ̀jẹ̀ ríru wọ̀.

Bí wọ́n bá ti fi chip ka ọ̀pọ̀ ibi lórí DNA, ṣe PCA, ìṣirò tó ń ya ìran sọ́tọ̀ sí àwọn ìlà tí à ń pè ní PC: gé àwọn SNP (ibi tí lẹ́tà DNA kan ti ń yàtọ̀) tó ń tẹ̀lé ara wọn kúrò ní r² 0.2, yọ agbègbè MHC, ibi tí àwọn jíìnì HLA tó ń dáàbò bo ara wà, lórí kurómósómù 6, láti 25 sí 35 Mb, àti ibi tó yí padà lórí kurómósómù 8, láti 8 sí 12 Mb, kí o sì fi PC mẹ́wàá sínú ìṣirò. Bí o bá fi MHC sílẹ̀, ọ̀kan nínú PC rẹ á máa sọ ìtàn HLA dípò ìtàn ìran. Bó bá jẹ́ jíìnì kan ṣoṣo ni wọ́n yẹ̀ wò, ó kéré tán kí wọ́n béèrè ibi tí àwọn òbí àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá àti èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Adéwùmí_Bio

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti ń padà sí àwọn ìwé náà láti wò ó bóyá wọ́n tún DD yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nípa AGT. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé T235 pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Éṣíà. Ṣé ìyẹn nìkan kò tó ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi pọ̀ ní Táílándì ni?

Ọmọ_Agodi

Kò tó o. Òótọ́ ni pé T235 ju 80% lọ ní ìlà-oòrùn Éṣíà, tó sì jẹ́ bíi 40% ní Yúróòpù. Àmọ́ wo àwọn Yorùbá Ìbàdàn tó wà nínú 1000 Genomes, àkójọ jínómù àwọn ènìyàn káàkiri àgbáyé: bíi 90% ni tiwọn. Ìwádìí tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997 láàrin àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà rí ẹ̀jẹ̀ ríru 16% ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 26% ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, 33% ní Amẹ́ríkà. T235 pọ̀ lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ohun tó ń sọ 16 di 33 kì í ṣe T235.

T235 fúnra rẹ̀ sì lè má ṣe nǹkan kan. Ìyípadà mìíràn ló ń bá rìn, A ní ipò -6, níwájú jíìnì náà níbi tí ara ti ń pinnu bóyá kó tàn án tàbí kó pa á. Ẹ̀yà yẹn máa ń jẹ́ kí angiotensinogen pọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni o. Nígbà tí ẹ̀yà kan bá sì ti wà lára bí gbogbo ènìyàn, kò lè ṣàlàyé ìdí tí ara aládùúgbò kan fi dá tí èkejì ń gbé òògùn.

Fún ìbéèrè rẹ kejì, àwọn tí mo lè fọkàn tán ni àwọn tó jáde nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n sì tún jáde níbòmíràn. Ẹgbẹ́ AGEN, àwọn tó ń wádìí jíìnì àwọn ará Éṣíà, gbé tiwọn jáde ní Nature Genetics ní 2011 pẹ̀lú ìwádìí ìpilẹ̀ṣẹ̀ 19,608 ará ìlà-oòrùn Éṣíà. Wọ́n fìdí àwọn bíi ATP2B1, FGF5 àti CYP17A1 tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì rí tuntun nítòsí CAPZA1, FIGN, ENPEP, NPR3 àti TBX3, pẹ̀lú ti ALDH2 lórí kurómósómù 12 (12q24). ATP2B1 ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn: ó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń fa kálísíọ̀mù jáde kúrò nínú ẹran ara òpó ẹ̀jẹ̀, ohun tó sì ń ṣe bá ìfúnpá mu tààrà. Ní Yúróòpù, ìwádìí 2018 tó kọjá mílíọ̀nù kan ènìyàn ti gbé iye ibi tí wọ́n mọ̀ dé 901.

Ìkìlọ̀ kan: má gbé nọ́ńbà ewu (àròpọ̀ ipa ọ̀pọ̀ jíìnì ẹnìkan) tí wọ́n fi àwọn ará Yúróòpù kọ́ lọ bá àwọn ará Táílándì báyẹn. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà, lọ́dọ̀ àwọn ará Áfíríkà ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdá márùn-ún. Kò sí ará Táílándì nínú 1000 Genomes. Àwọn tó sún mọ́ wọn jù níbẹ̀ ni CDX, àwọn Dai 93 láti Xishuangbanna ní Yunnan, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan èdè Thai, àti KHV, 99 láti Ho Chi Minh City. Àwọn méjèèjì wúlò fún kíkún àlàfo SNP, àmọ́ wọn kò lè dúró fún ẹ̀jẹ̀ Malay tó wà ní gúúsù, tàbí ẹ̀jẹ̀ Íńdíà tó wà lára àwọn Mon.

Kúnlé_Alátakò

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Iyọ̀ ló ń pa àwọn èèyàn yẹn. Ẹ fi jíìnì sílẹ̀, kí ẹ ka iye nam pla, omi ẹja oníyọ̀, tó wà nínú àwo som tam kan, sàláàdì ìbẹ́pẹ wọn.

Dókítà_Títí

Kúnlé, apá kan òótọ́ lo mú wá. Nígbà tí wọ́n gba ìtọ̀ wákàtí 24 lọ́wọ́ àwọn àgbà káàkiri Táílándì, sódíọ̀mù jẹ́ 3,636 mg lójúmọ́, iyọ̀ tó ju gíráàmù 9 lọ, nígbà tí 2,000 mg sódíọ̀mù jẹ́ òpin tí WHO fi lélẹ̀. Ibi tí ó ti pọ̀ jù ni gúúsù, 4,108 mg. Isan, tí gbogbo ènìyàn máa ń nàka sí nítorí pla ra, ẹja tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ fún oṣù mélòó kan, ló kéré jù, 3,316 mg. Ṣíbí ìjẹun nam pla kan ṣoṣo ju 1,000 mg lọ.

Ìtọ̀ wákàtí 24 ni mo tẹnu mọ́, kí Adéwùmí má baà fi ìwé tó gba ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan wé e. Wọ́n á da ìtọ̀ àkọ́kọ́ àárọ̀ nù, wọ́n á gba gbogbo èyí tó tẹ̀lé e títí kan ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á sì wọn creatinine, ohun tí ara ń tú sínú ìtọ̀ lójoojúmọ́, láti mọ ẹni tó gbàgbé ìgò rẹ̀ sílé. Ìtọ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ iye iyọ̀ tí ẹnìkan ṣoṣo ń jẹ.

Ṣùgbọ́n wo ALDH2, kí o rí bí jíìnì àti oúnjẹ ṣe ń jọ rìn. Ẹ̀yà rs671 kì í jẹ́ kí ara lè fọ́ acetaldehyde tó ń ti inú ọtí jáde. Ojú á pọ́n, àyà á máa lù kìkì, ẹni náà á gbé ife sílẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n kó pọ̀ ní 2008, tó jẹ́ láàrin àwọn ará ìlà-oòrùn Éṣíà, fi hàn pé láàrin ọkùnrin, àwọn tí kò ní ẹ̀yà yìí rárá, tí wọ́n lè mu ọtí bó ṣe wù wọ́n, ní odds ẹ̀jẹ̀ ríru tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn tó ní in láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Láàrin àwọn obìnrin tí kì í mutí, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Jíìnì kan náà ni, ife ọtí ló ń pinnu. Ní Táílándì ẹ̀yà yìí kò pọ̀ tó ti Jàpáánì, ó sì pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tí ìran wọn ti Ṣáínà wá. Ìwé tó bá yẹ ALDH2 wò tí kò béèrè ọtí, tí kò sì ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀, kò yẹ jíìnì yẹn wò.

Ṣèyí_Ìṣirò

> Ẹ fi jíìnì sílẹ̀

Kúnlé, ìwádìí ìdílé àti ìbejì fi ohun tí à ń jogún nínú ìfúnpá sí bíi 30 sí 50%. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdajì mmHg rẹ̀. Iyọ̀ kò lé wọn jáde. Láti 3,636 lo lè sọ sódíọ̀mù ẹnìkan di 2,000, o kò lè sọ òbí rẹ̀ di ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn ìlera fi dojú kọ iyọ̀. Ìbéèrè mìíràn ni ti Adéwùmí.

Dókítà_Títí

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ìbéèrè kẹta, torí ibẹ̀ ni jíìnì ti ń yí ìtọ́jú padà.

Fún aláìsàn tó wọ́pọ̀, ẹni ọdún 55 tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 150/95, àyẹ̀wò jíìnì kò wúlò. Kò sí èsì ACE tàbí AGT tó máa yí òògùn rẹ̀ padà. Ẹni tó yẹ ká fura sí ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 30, tí òògùn mẹ́ta kò ràn, tí ẹ̀jẹ̀ ya sí ọpọlọ ẹbí rẹ̀ kan ní kékeré, tàbí tí pọtáṣíọ̀mù rẹ̀ kò wà níbi tó yẹ láìsí òògùn tó fà á.

Kí a tó fọwọ́ kan DNA, renin àti aldosterone (àwọn tó ń darí iyọ̀ àti ìfúnpá nínú ara), pọtáṣíọ̀mù àti bicarbonate (tó ń fi ipò ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ hàn) ni ká kọ́kọ́ wò. Àárọ̀ ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, lẹ́yìn tó ti dìde fún wákàtí 2 ó kéré tán, tó sì ti jókòó ìṣẹ́jú 5 sí 15. Kí wọ́n ti dá pọtáṣíọ̀mù padà sípò, torí bó bá kéré, aldosterone náà á kéré, àìsàn á sì sá pamọ́. Kí ó má dín iyọ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Spironolactone, òògùn tó ń dènà aldosterone, gbọ́dọ̀ ti dúró fún ọ̀sẹ̀ 4. Beta-blocker, àwọn òògùn bíi atenolol, máa ń tẹ renin mọ́lẹ̀ tí ìpín aldosterone sí renin á fi ga lásán. Enalapril, losartan àti òògùn ìtọ̀ máa ń gbé renin sókè tí ìpín á fi wálẹ̀ lásán. Bí a kò bá lè fi aláìsàn náà sílẹ̀ láìsí òògùn, doxazosin tàbí verapamil kì í fi bẹ́ẹ̀ ba èsì jẹ́.

Tí pọtáṣíọ̀mù bá kéré, tí bicarbonate ga, tí renin kéré, tí aldosterone sì ga, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín ló ń tú u jù. Fún ọ̀dọ́ tàbí ẹni tí ọpọlọ ẹbí rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀, ẹ wá jíìnì CYP11B1 àti CYP11B2 tó lẹ̀ pọ̀. ACTH, họ́mónù tó ń ti abẹ́ ọpọlọ wá, ló ń darí irú aldosterone bẹ́ẹ̀, dexamethasone kékeré sì lè pa á lẹ́nu mọ́. Bó bá jẹ́ kókó ló wà lórí ẹṣẹ́ náà, ìyípadà KCNJ5 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà, ju ti Yúróòpù lọ. Inú kókó tí wọ́n gé jáde nìkan ni ìyẹn sábà máa ń wà, kì í sábà sí nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ kì í sì í sábà jogún rẹ̀. Ẹ má kàn gba owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ní kókó láti wá a nínú ẹ̀jẹ̀.

Bí renin àti aldosterone bá jọ kéré, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa cha-em thet. Licorice ni, ó ń wọ inú àgbo Thai àti ti Ṣáínà, ó sì ń dènà ẹ́ńsáìmù tí kì í jẹ́ kí cortisol ṣe iṣẹ́ aldosterone nínú kíndìnrín. Bí kì í bá ṣe èyí, àìsàn Liddle ni kí ẹ rò, láti inú jíìnì bíi SCNN1B àti SCNN1G. Amiloride ń ṣiṣẹ́ fún un. Spironolactone kò ní ṣe nǹkan kan, torí ẹnu ọ̀nà sódíọ̀mù fúnra rẹ̀ ló ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí pọtáṣíọ̀mù bá ga ní tirẹ̀, tí kíndìnrín sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àìsàn Gordon ni kí ẹ rò: WNK1, WNK4, KLHL3, CUL3. Thiazide ìwọ̀n kékeré máa ń tún un ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ka ìwé láti Isan fi sọ́kàn: pọtáṣíọ̀mù kékeré pẹ̀lú bicarbonate KÉKERÉ kì í ṣe Liddle. Ní àríwá-ìlà-oòrùn Táílándì, àìsàn kíndìnrín tí kò lè ti ásíìdì jáde wọ́pọ̀ ju ti ibi púpọ̀ lọ, SLC4A1 G701D sì jẹ́ ọ̀kan lára ìyípadà tó ń fà á níbẹ̀. Kì í ṣe jíìnì ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹnìkan lè ní i kí ìfúnpá rẹ̀ sì ga nítorí ọjọ́ orí àti iyọ̀, ẹni tí kò bá wo bicarbonate á so àwọn méjèèjì pọ̀.

Apòògùn_Lékan

Ẹ kú àlàyé, Dókítà. Ní ti òògùn, CYP2D6*10, ìyẹn ẹ̀yà *10 ti jíìnì tó ń ṣe ẹ́ńsáìmù kan tó ń fọ́ òògùn, ni mo rò pé ó yẹ kí Adéwùmí fi ìpínrọ̀ kan fún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ẹ̀yà jíìnì yẹn lọ́dọ̀ àwọn ará Táílándì. Ó ń dín iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà kù, kò pa á tán. Metoprolol á pẹ́ nínú ara ẹni tó bá ní méjì rẹ̀, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n kékeré, kí ẹ máa ka ìlù ọkàn. Ti atenolol kò rí bẹ́ẹ̀, kíndìnrín ló ń gbé e jáde. Ikọ́ gbígbẹ láti ara enalapril náà wọ́pọ̀ ní ìlà-oòrùn Éṣíà ju Yúróòpù lọ. Kò nílò àyẹ̀wò jíìnì: ẹ dá a dúró, ẹ fi losartan rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fún ikọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lọ.

Adéwùmí_Bio

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ará. Nǹkan kan kù. Àwọn ìwé kan yọ àwọn tó ń lo òògùn kúrò nínú ìṣirò ìfúnpá, àwọn mìíràn fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èwo ló tọ̀nà? Ibo sì ni mo ti lè rí ìwádìí Táílándì tó tóbi tó?

Ṣèyí_Ìṣirò

Méjèèjì kò tọ̀nà. Bí o bá yọ wọ́n, àwọn tí jíìnì wọn burú jù lo lé jáde. Bí o bá fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀ báyẹn, òògùn ti bo jíìnì mọ́lẹ̀. Ohun tí GWAS máa ń ṣe ni kí wọ́n fi 15 kún nọ́ńbà òkè àti 10 kún nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ẹni tó ń lo òògùn. Ẹni tí wọ́n wọ̀n ní 132/84 pẹ̀lú amlodipine á wọ ìṣirò bíi 147/94.

Ní ti ìwádìí ńlá, EGAT ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba, 3,499 ní 1985, tí àwọn dókítà ilé-ìwòsàn Ramathibodi ní Bangkok sì ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà. Wọ́n wọn ìfúnpá wọn tààrà, ìyẹn ló jẹ́ kó níyì. Òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn, ìgbé ayé wọn jọra, má fi wọ́n dúró fún àgbẹ̀ Isan. Thai Cohort Study ju 87,000 lọ, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Sukhothai Thammathirat tí wọ́n fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí ní 2005, àmọ́ ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Rántí ìdajì tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Kò ṣeé lò fún mmHg. Genomics Thailand tó gbájú mọ́ jínómù 50,000 ènìyàn ló máa tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, níwọ̀n bí wọ́n bá so ìfúnpá tí wọ́n wọ̀n dáadáa mọ́ ọn.

BàbáPCR

Adéwùmí, nínú tábìlì rẹ, má kọ "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" sí iwájú jíìnì kọ̀ọ̀kan. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, kọ iye ènìyàn, agbègbè tí wọ́n ti wá, bóyá ibì kan náà ni wọ́n ti kó àwọn tí wọ́n fi wé wọn, bí wọ́n ṣe wọn ìfúnpá (ìsinmi ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, báńdì tó bá apá mu), ohun tí wọ́n ṣe sí àwọn tó ń lo òògùn, bóyá wọ́n béèrè iyọ̀ àti ọtí, àti iye ẹni tí wọ́n tún yẹ̀ wò nínú lábù. Bí ACE bá wà níbẹ̀, fi àyè kan sílẹ̀ fún praímà 335 yẹn nìkan. Bí o bá kún un tán, gbé e wá síbí ká jọ wò ó.